Ilé Tó Ń Dìde Lẹ́yìn Píkọ́ọ̀pù

Ọmọ ọmọ mi obìnrin bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Bàbá àgbà, iṣẹ́ wo lẹ ṣe gan-an?" Mo ní mẹ́káníìkì ni mí. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ránṣọ?" Mo ní ó dáa, télọ̀ ni mí. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wa mọ́tò?" Mo ní ó tó, máa lọ bá ìyá ẹ nílé ìdáná. Ó rẹ́rìn-ín lọ, èmi náà jókòó, mo ń rò ó. Òótọ́ ni, iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe kò lórúkọ kan pàtó. Ilé ni mo ń tọ́jú, ilé ọ̀hún sì wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀ gùn, ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá irin àti kánfáàsì sọ̀rọ̀, àwọn yẹn kì í dá mi lóhùn, mo kàn ń sọ tèmi lọ ni.

Píkọ́ọ̀pù náà kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń kó iṣu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó yẹ kí ẹrù wà, yàrá kan ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i lójú títì, ẹ ó ní àpótí ńlá kan lásán ni. Ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ẹ ó ki irin ìyí bọ ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó máa yí i, òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Wáyà mẹ́rin ló ń fà á sókè, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Kánfáàsì tí a ká sábẹ́ òrùlé á nà, á di ògiri, fèrèsé á yọ lára rẹ̀, ènìyàn á sì lè dúró ṣánṣán nínú ilé. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, àga tó ń di tábìlì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ abúlé ló sọ ọ́ ní Dìde-Dìde. Bí a bá ti yọ lókèèrè báyìí, wọ́n á fariwo ta: "Dìde-Dìde ti dé o! Ẹ jẹ́ kó dìde!"

Òyìnbó kan tó ń tọ́jú eyín ló gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n fi ń lọ wàásù, wọ́n fi ń yọ eyín lábúlé. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n fi sílẹ̀ fún mẹ́káníìkì wọn, Bàbá Jòsáyà, tí í ṣe díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Bàbá wá ń fi gbé àwọn nọ́ọ̀sì eyín káàkiri abúlé, láti Ìkòyí tiwa, kì í ṣe ti Èkó, títí dé ọ̀nà Ìgbòho.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn kò gùn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ń ta ìda oyin àti òrí l'Ọ́jà Akẹ̀sán. Bàbá Jòsáyà máa ń wá ra ìda lọ́dọ̀ wọn, torí ìda ni wọ́n fi ń pa òwú tí wọ́n fi ń rán kánfáàsì, kí omi má baà gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Wọ́n rí mi, wọ́n ní ọwọ́ ọmọ yìí balẹ̀, ìyá mi ní ẹ mú un. Ti owó, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ni ìyá mi sọ lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Wọ́n pe oríkì mi, wọ́n ní, "Àjàní, kọ́ṣẹ́ dáadáa o. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa dá ẹ sílẹ̀, èmi fúnra mi ni màá wá, iwájú pátápátá sì ni màá jókòó."

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí yunifásítì lè má mọ ohun tí ìdásílẹ̀ jẹ́ lágbo àwa oníṣẹ́ ọwọ́. Fíríìdọ̀mù là ń pè é. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti kọ́ ọ débi tó yẹ, ọ̀gá rẹ̀ á pe èèyàn jọ, á gbàdúrà lé e lórí, á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ìwọ náà ti di ọ̀gá. Bí wọn ò bá ṣe é fún ẹ, ìbáà jẹ́ pé o mọṣẹ́ ju ẹni tó kọ́ ẹ lọ, ọmọ iṣẹ́ ṣì ni ẹ́. Ohun tí mò ń wá láyé nìyẹn. Èmi ò wá owó, n ò wá ilé. Mo fẹ́ kí Bàbá Jòsáyà dá mi sílẹ̀ lójú ìyá mi.

Bàbá Jòsáyà le! Ẹ wo bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí kì í bú èèyàn, tí kì í na èèyàn, síbẹ̀ tí kálukú á sáré wá iṣẹ́ ṣe bó bá ń bọ̀. Irin ìyí kan ṣoṣo ni Dìde-Dìde ní, abẹ́ àga Bàbá ló sì ń gbé. Bí a bá fẹ́ lọ sóko, màá lọ dọ̀bálẹ̀, màá gbà á. Bí a bá dé, màá dá a padà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á kọ́kọ́ ní kí n gbé ilé dìde. Wọ́n á wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa kánfáàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á gbé imú sún mọ́ ọn.

"Ó tutù."

"Bàbá, ìrì ni o, kì í ṣe òjò."

"Ṣé mo bi ẹ́ pé kí ni? Mo ní ó tutù."

A kì í pa ilé yẹn dé ní tútù. Òfin Bàbá nìyẹn. Bí ẹ bá ká kánfáàsì tútù sábẹ́ òrùlé, á bu, òwú á jẹrà, pátákó òrùlé á wú. Torí náà, bí òjò bá pa wá lóko, a ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi kí oòrùn yọ, kó sì gbẹ. Àìmọye ìgbà ni mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí mo ń wo kánfáàsì tó ń gbẹ, tí àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?" Màá ní rárá, aṣọ ilé wa là ń sá.

Ti ìránṣọ ló burú jù. Màá jókòó láti àárọ̀, màá rán ojú kánfáàsì kan títí ẹ̀yìn á fi máa dùn mí, Bàbá á wò ó, wọ́n á mú bíléèdì, wọ́n á tú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Bàbá, kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ lò ń kánjú."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí. Mùsùlùmí ni mí, díákónì ni wọ́n. Bí mo bá ki orí bọ abẹ́ mọ́tò tí mo gbàgbé ara mi, àwọn gan-an ló máa fi ẹsẹ̀ tọ́ mi pé, "Ràfíù, wọ́n ti pe ìrun." Lọ́jọ́ Àìkú, màá gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, màá dúró níta, màá máa gbọ́ orin wọn láti ojú fèrèsé. Mo mọ púpọ̀ nínú àwọn orin náà di òní.

Áà, ayé ìgbà náà dùn! Bí a bá sùn lóko, Nọ́ọ̀sì Tóyìn, ìyá jẹ́jẹ́ kan tó ń yọ eyín, á sùn sínú ilé, èmi á sùn síwájú mọ́tò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo ń gbé mọ́tò lọ gbé wọn níbì kan, inú ilé ni mò ń sùn. Kí oòrùn máa yọ bọ̀ lára kánfáàsì, kó máa tàn pupa rẹ́súrẹ́sú sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń lọ odò níta, kí tíì máa hó lórí sítóòfù, kí òórùn ìda oyin máa ta láti ara ògiri. Ìda ìyá mi. Ibi yòówù kí mo wà, bí mo bá ti mí báyìí, Akẹ̀sán ni mo wà.

Ọdún tó yẹ kí wọ́n dá mi sílẹ̀ dé. Bàbá fi ẹnu ara wọn sọ fún ìyá mi pé, "Bí a bá ti ṣe Iléyá tán, ẹ máa bọ̀." Ìyá mi lọ ra òfì, wọ́n rán an, wọ́n kó o sínú àpótí. Wọ́n ní ojú ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án di ọjọ́ náà.

Kí Iléyá tó dé la lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìkòyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ilé dìde, mo yẹ wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, mo fi Nọ́ọ̀sì Tóyìn sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí eyín ń dùn, mo gun alùpùpù ẹnì kan lọ ra epo ní Ìkòyí.

Àsìkò èlùbọ́ ni. Àwọn obìnrin abúlé ti bọ iṣu, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sá gbodo sí. Orí àpáta ni wọ́n ti máa ń sá a, ewúrẹ́ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n rí òrùlé Dìde-Dìde. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, páànù ni, ó ń gbóná, ewúrẹ́ ò sì lè dé ibẹ̀ láéláé. Ta ni kò ní fẹ́? Wọ́n gbé àkàbà wá. Nọ́ọ̀sì Tóyìn gbọ́ ìró lórí òrùlé, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Àwọn obìnrin ní, "Òo, ẹ̀yin náà ẹ kú iṣẹ́!" Nọ́ọ̀sì rò pé wọ́n ń bá wa gbá òrùlé ni, inú wọn dùn pé ará abúlé yìí lọ́yàyà. Apẹ̀rẹ̀ kan gòkè, òmíràn tẹ̀ lé e. Ìyàwó ilé kan sọ fún èkejì, èkejì sọ fún ẹ̀kẹta. Gbodo tútù ni gbogbo ẹ̀, omi ṣì ń ro lára ẹ̀.

Bí mo ṣe dé nìyẹn, mo rí òrùlé mi funfun báláú. Kí n tó la ẹnu, mo gbọ́ páà! Wáyà igun kan já. Òrùlé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbodo bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí òjò. Nọ́ọ̀sì Tóyìn wà nínú ilé, wọ́n fi irin mú eyín ìyá àgbà kan lẹ́nu. Mo ju kẹ́ẹ̀gì epo nù, mo fò wọlé, mo fi èjìká gbé òrùlé. Mo ní, "Ẹ jáde! Ẹ jáde!" Ìyá àgbà ò lè sáré, Nọ́ọ̀sì ń fà á, èmi ń gbọ́ bí eegun mi ṣe ń ké. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ báyìí, wáyà kejì já, mo já ara mi gbà sí ẹnu ọ̀nà, òrùlé wó lulẹ̀ gbì.

Eruku gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn obìnrin káwọ́ lérí, wọ́n ń ké, "Yéè, gbodo wa o!" Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ahọ́n wá inú ẹnu ara rẹ̀. Ó ní, "Eyín náà dà?" Irin ṣì wà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, eyín wà lẹ́nu irin. Ìgbà tí wọ́n ń sáré ló ti jáde, ẹnikẹ́ni ò mọ̀! A rẹ́rìn-ín, ọmọ aráyé, a rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi, kí n tó mọ̀ pé eegun èjìká mi ti dá.

Nígbà tí wọ́n wọ́ Dìde-Dìde dé Ògbómọ̀ṣọ́, Bàbá Jòsáyà rìn yí i ká. Kánfáàsì ti ya, pátákó ti fọ́, gbodo kún inú bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì Tóyìn ṣàlàyé, wọ́n ní, "Ẹ̀mí èèyàn méjì lọmọ yìí gbà là." Bàbá ní, "Mo gbọ́. Ẹ ṣeun." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ti fíríìdọ̀mù yẹn, ó di ẹ̀yìn ìgbà tí a bá tún ilé ṣe."

A tún un ṣe. Ìgbà ọyẹ́ la fi ṣe é látòkè délẹ̀. Mo ra kánfáàsì tuntun ní Sábó lọ́dọ̀ Àlàájì kan tó ń ta tàpólì, ìyá mi fi ìda ránṣẹ́, mo fi apá tó ń dùn mí rán gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á, wọn ò mú bíléèdì. Ọkàn mi fò. Mo ní fíríìdọ̀mù mi ti dé. Bàbá ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká wò ó tí òjò bá dé ná."

Òjò dé, òjò lọ. Lọ́dún kejì, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká ra ẹ́ńjìnnì míì ná. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ara àwọn ò yá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo ṣáájú dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá ń gba fíríìdọ̀mù tiwọn níṣojú mi, wọ́n ń lọ sí Ìlọrin, wọ́n ń lọ sí Èkó. Èmi ni mò ń bá wọn to àga. Wọ́n wá sọ mí ní Àgbà Ọmọ Iṣẹ́. Gbogbo Iléyá tí mo bá ti wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ìyá mi tó dáhùn ìkíni mi, wọ́n á ní, "Àjàní, ṣé wọ́n ti dá ẹ sílẹ̀?" Màá ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá mi." Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ara mi.

Ìgbà kan wà tí mo bínú lọ. Mo padà s'Ọ́yọ̀ọ́, mo gba ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ fi dé. "Ẹ kú ìdúró o. Ta ni ọ̀gá yín? Ìgbà wo ni wọ́n dá yín sílẹ̀?" Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá wà lórí àga wọn. Wọn ò bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa irin ìyí jáde lábẹ́ àga, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì Tóyìn ń retí ẹ." Ojú wọn pọ́n. Mo rò pé eruku ni.

Ẹ̀yìn náà ni ìyá mi kú. Nígbà tí a ṣí àpótí wọn, òfì náà wà níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. Àbúrò mi ní wọn ò wọ̀ ọ́ rí, wọ́n ní ti ọjọ́ Àjàní ni. Mo sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà ni n ò ti bá Bàbá sọ ọ̀rọ̀ fíríìdọ̀mù mọ́.

Iṣẹ́ ò dúró. Mo fẹ́yàwó, mo bímọ, mò ń gbé nọ́ọ̀sì lọ, mò ń gbé wọn bọ̀. Irinṣẹ́ ń yí padà. Ẹnì kan fi mọ́tò kékeré oníná sára Dìde-Dìde, ẹ kàn máa tẹ nǹkan, òrùlé á gbéra fúnra rẹ̀. Páńẹ́lì oòrùn dé orí òrùlé, gílóòbù dé inú ilé. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún jáde láti inú rọ́bà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìda oyin, òórùn Akẹ̀sán sì kúrò lára ògiri mi. Ó ń yá, n ò ní purọ́, àmọ́ kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ abúlé náà ò pariwo mọ́, fóònù ni wọ́n ń nà sí wa. Irin ìyí kò níṣẹ́ kankan mọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ àga Bàbá ló ṣì wà. Bàbá ti darúgbó, ojú wọn ti fọ́.

Orúnkún ló ní kí èmi náà sinmi. Ìrìn àjò tí mo fi dágbére fún iṣẹ́, ọ̀nà Ìgbòho la lọ. Wọ́n ti ṣètò pé tí mo bá dé láàárọ̀, àwọn èèyàn á pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù láti kí mi kú iṣẹ́. Òjò pa wá mọ́jú. Àwọn nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ jẹ́ ká pa á dé ká máa lọ, àwọn èèyàn ń dúró." Mo ní ẹ wọ mọ́tò ẹlòmíràn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń wo kánfáàsì tó ń gbẹ.

Ìgbà tí mo dé, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, ọ̀pọ̀ èèyàn ti lọ sílé. Bàbá Jòsáyà wà lórí àga wọn.

"Ràfíù?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ìdúró."

"Gbé e dìde."

Mo gbé e dìde. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ débẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa kánfáàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbé imú sún mọ́ ọn.

"Wọ́n ní òjò rọ̀ lọ́nà yẹn láàárọ̀."

"Ó rọ̀, sà."

"O dúró."

"Mo dúró, sà."

Wọn ò kúrò nídìí kánfáàsì náà. Wọ́n ní, "Òyìnbó lọ. Àwọn ọmọ mi lọ. Gbogbo ẹni tí mo dá sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ló lọ. Ọjọ́ tí o gbé òrùlé yẹn lé èjìká ni mo ti mọ̀ pé o ti di ọ̀gá. Mo ní bí mo bá dá èyí sílẹ̀, òun náà á lọ. Mo gba ọjọ́ ìyá ẹ lọ́wọ́ ẹ, Ràfíù. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é."

Mo bínú. Mo fẹ́ bi wọ́n pé ṣé ẹ rí òfì tó wà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ wo arúgbó tó ń táràrà lára ògiri aṣọ, tó ń wá ibi tí orí mi wà. Orúnkún mi ń dùn mí, mo sì kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà gígùn, àwọn tó kù ní ṣọ́ọ̀bù ń ṣe àmín, èmi náà ń ṣe àmíìn. Wọ́n ní kí ẹnì kan fa irin ìyí jáde lábẹ́ àga, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ni mo gba fíríìdọ̀mù. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹ bi í pé ìgbà wo ló máa dá yín sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lójú ìyá yín. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni ọ̀gá, ẹ dá ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lásìkò. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín á padà wá. Èmi tí ẹ ń wò yìí, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá ti kírun tán ni mò ń lọ gbé ilé dìde fún Bàbá, kí wọ́n lè jókòó sínú rẹ̀ gba atẹ́gùn. Ẹnikẹ́ni ò rán mi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dá mi sílẹ̀, Ọ̀yọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo gba òfì náà lọ́wọ́ àbúrò mi, mo tẹ́ ẹ sórí sàréè ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbé irin ìyí lé e. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ kú ìdúró o. Wọ́n ti dá mi sílẹ̀." Mo wá jókòó sílẹ̀ níwájú wọn.